Kíkó Òwú Padà Kọ́ ni Híhun Aṣọ: Àríyànjiyàn lórí Ìmúpadà Dátábéèsì Ńlá

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn aṣáájú wa lórí PostgreSQL ni pé kí a fi kún òṣìṣẹ́: bí pg_restore -j 4 kò bá yá, ẹ kọ 16. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. COPY kan ṣoṣo ló ń kó tábìlì kan wọlé, òṣìṣẹ́ kan ló sì ń ṣe é. Bí tábìlì kan bá gba ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dátà, tí a kò sì pín in sí wẹ́wẹ́, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù yóò parí tiwọn, wọn a sì káwọ́ lẹ́rán.

Èyí kéré sí ìyàtọ̀ tó jẹ mí lógún. Fáìlì pg_dump kò gbé atọ́ka kankan. Àṣẹ CREATE INDEX nìkan ló gbé. Ó dà bí ẹni tó tú aṣọ òkè, tó di òwú rẹ̀ lẹ́rù, tó wá kọ bátànì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹrù fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bí a bá débẹ̀, orí òfì ló kù. pg_basebackup ní tirẹ̀ gbé aṣọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n fáìlì kì í ṣe ẹ̀rí àkókò. Ẹ wo pg_stat_progress_create_index nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ: CREATE INDEX ń ka tábìlì, ó ń to ìlà, lẹ́yìn náà ló ń kó wọn sórí igi atọ́ka. Títò yẹn ni maintenance_work_mem ń ràn lọ́wọ́, 64MB péré ló sì wà níbẹ̀ bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ṣẹ́kù, orí dísìkì ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ di 2GB kó rántí pé òṣìṣẹ́ 8 lè gba 16GB.

Ti fsync tí wọ́n ní ká pa: ó yá, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ìbẹ̀rẹ̀ la ó padà sí.

Wọn á ní dísìkì ni ìṣòro, kì í ṣe híhun, kí n wo ìmúpadà dátábéèsì GitLab lẹ́yìn ìjàǹbá 31 Oṣù Kìíní 2017, níbi tí dísìkì tó lọ́ra ti sọ ìdàkọ di nǹkan bí wákàtí 18. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà LVM ni wọ́n ń gbé, aṣọ híhun. Ti pg_dump kò sí nílẹ̀, nítorí pg_dump 9.2 kò lè ka dátábéèsì 9.6. Mo rò pé gbogbo àkọsílẹ̀ ìyára tí kò sọ irú ẹ̀dà tó ń gbé kò wúlò fún ìjiyàn yìí.