Òǹkà Yorùbá àti Ìṣírò Ọjà

Àwọn kan máa ń sọ pé òǹkà Yorùbá lọ́jú pọ̀ jù fún ìṣírò, pé ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa fi kọ́ ọmọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú orúkọ àwọn òǹkà wa wò, ìṣírò tí àwọn baba wa ti ṣe sílẹ̀ ni a óò bá nínú wọn.

Ní 1887, Adolphus Mann, ajíhìnrere tí ó ti gbé ní Ìjàyè rí, kọ àlàyé kan tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nípa bí a ti ń ka owó ẹyọ. Akawó a jókòó ti òkìtì owó, a máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún mẹ́rin di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ogún méjì náà ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Láti orí igba, a tún bẹ̀rẹ̀: igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, igba mẹ́rin ni ẹgbẹ̀rin, títí dé ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Àwọn kan sì wà nínú èyí tí kò pé, tí a ó wo iye tí ó wà níwájú wọn, tí a ó yọ èyí tí ó kù kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni 45 ṣe di márùndínláàádọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a fi í ra ọjà. Ìkòkò méjìdínlógún ni, ẹyọ márùndínláàádọ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ méjìdínlógún ti sọ fún wa pé ogún ni, àfi méjì. Ogún ọ̀nà ogójì jẹ́ ẹgbẹ̀rin. Ogún ọ̀nà márùn-ún jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 900. Ẹ yọ owó ìkòkò méjì, àádọ́rùn-ún, ó ku 810. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo ìyá ọlọ́jà ń ṣe é o. Ṣùgbọ́n orúkọ òǹkà náà ti la ọ̀nà sílẹ̀. Òǹkà Gẹ̀ẹ́sì fi mẹ́wàá àti mẹ́jọ hàn nínú iye kan náà. Ọ̀nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ fi mẹ́jọ sọ 45 di púpọ̀ lórí ahọ́n, kí ẹ wo èyí tí ó yá jù.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣírò. Èdè wa gbé e. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ọmọ tí ó ń pe méjìdínlógún láìgbọ́ ogún nínú rẹ̀. Ẹ bi èyí tí ó wà lọ́dọ̀ yín lálẹ́ òní: kí ni a yọ nínú ogún?