Abẹ Àkọ́kọ́ ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré nínú ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 16, wá sí ìdí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ti mú abẹ wa láìtọrọ, ó sì ti dá nìkan fá irùngbọ̀n rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú balùwẹ̀. A bá a wí gidigidi nítorí abẹ náà. Nípa irùngbọ̀n, a kò sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni a tó bi í léèrè ìdí tí kò fi pè wá. Ó dáhùn pé, "Ẹ ń múra ìwàásù lọ́wọ́ ni, Bàbá, n kò fẹ́ dí yín lọ́wọ́." Ìdáhùn náà dùn wá dé ọkàn. Ó sì rán wa létí ìtàn kan tí a kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà èwe wa, tí a kò fi ọkàn sí nígbà náà. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ fún yín.

Àwọn ará Róòmù ìgbà láéláé kì í fá irùngbọ̀n. Àwọn òǹkọ̀wé wọn sọ pé ní ọdún 300 kí a tó bí Olúwa wa ni àwọn onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ ti erékùṣù Sísílì wá sí Ítálì, àti pé Publius Titinius Mena ni ó mú wọn wá. Wọ́n tún sọ pé Scipio Aemilianus, ọ̀gágun tí ó pa ìlú Carthage run ní ọdún 146 kí a tó bí Olúwa wa, ni ó kọ́kọ́ ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́. Nígbà tí àṣà náà fìdí múlẹ̀, fífá àkọ́kọ́ di ọjọ́ ńlá nínú ìdílé. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ a péjọ, wọn a jẹ àsè, wọn a sì kó irun náà jọ láti fi í fún àwọn òrìṣà wọn. Ní ọdún 39 kí a tó bí Olúwa wa, ẹni tí ó wá di Késárì Augustu, tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìhìnrere Lúùkù, fá irùngbọ̀n rẹ̀ àkọ́kọ́; ó se àsè ńlá, ó sì mú kí gbogbo ará ìlú ṣe àjọ̀dún pẹ̀lú owó ìjọba. Àní nínú ìtàn àròsọ tí Petronius kọ, ọkùnrin kan wà tí ó ti ṣe ẹrú rí. Nígbà tí ó di olówó, ó fi irùngbọ̀n rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú àpótí wúrà ní ojúbọ ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ méjì nínú ìdílé àwọn Késárì. Gaius, tí a ń pè ní Caligula, jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà tí Germanicus baba rẹ̀ kú ní ọdún 19 ti Olúwa wa. Tíbéríù Késárì sì sọ ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì di ẹni ìparun. Nígbà tí Gaius súnmọ́ ọdún 19, Tíbéríù pè é sí erékùṣù Capri. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni a wọ̀ ọ́ ní aṣọ àgbà, tí a sì fá irùngbọ̀n rẹ̀, láìsí ọ̀kankan nínú ọlá tí a ti ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Èkejì ni Nero. Irùngbọ̀n Idẹ ni ìtumọ̀ orúkọ ìdílé tí a bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí baba rẹ̀ kú. Nígbà tí ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní ọdún 59, ó dá eré ńlá sílẹ̀ fún gbogbo ìlú, ó kó irun náà sínú àpótí wúrà tí a fi péálì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì fi í fún Júpítérì lórí òkè Capitol. Ní ọdún kan náà ni ó mú kí a pa ìyá tí ó bí i.

A kò sọ pé irùngbọ̀n ni ó ba ìjọba àwọn méjèèjì jẹ́. Àwọn tí ó kọ ìtàn wọn kò sì fẹ́ràn wọn. Ohun tí a rí ni pé a kò fi nǹkan kan yẹ́ ọ̀kan sí, a sì kó wúrà jọ fún èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí baba rẹ̀ dúró tì í.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ Kristi gbilẹ̀, àṣà náà kò parun. Paulinus, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Nola ní Ítálì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbi ibojì Felix ẹni mímọ́ ni òun ti gé irùngbọ̀n òun àkọ́kọ́, bí ẹni pé Felix tìkara rẹ̀ ni ó ń gé e. Ìjọ àtijọ́ sì ní àdúrà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwé àdúrà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Lombard jọba ní Ítálì, ìtàn wọn sì wà nínú ìwé Paulu Díákónì, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹjọ. Ní àárín àwọn ènìyàn ìgbà náà, ẹni tí ó bá gé irun tàbí irùngbọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ di baba fún un. Charles Martel, aláṣẹ àwọn Frank, rán Pippin ọmọ rẹ̀ sí Liutprand ọba àwọn Lombard. Liutprand gé irun orí ọmọ náà, ó di baba kejì fún un, ó sì fi ẹ̀bùn púpọ̀ rán an padà sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Taso, ọmọ Gisulf olórí ilẹ̀ Friuli, ní ọ̀rúndún keje. Gregory, aláṣẹ Róòmù kan, ṣèlérí pé òun yóò gé irùngbọ̀n rẹ̀, òun yóò sì fi í ṣe ọmọ. Taso gbà á gbọ́, ó wọ ìlú Oderzo pẹ̀lú Cacco arákùnrin rẹ̀. Gregory ti ìlẹ̀kùn ìlú, ó sì rán ọmọ ogun sí wọn; wọ́n jà títí a fi pa wọ́n. Nígbà náà ni ó ní kí a gbé orí Taso wá, ó sì gé irùngbọ̀n rẹ̀, kí a má ba à wí pé ó yẹ àdéhùn. Abẹ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí baba níbẹ̀.

Ẹ̀yin baba, àwọn àgbà wa wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òótọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tiwa, olórí wà níbẹ̀. Baba ni kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ògiri kan péré ni ó wà láàárín wa. A kò sọ pé kí ẹ ra àpótí wúrà, tàbí kí ẹ se àsè. Omi gbígbóná díẹ̀, ọṣẹ díẹ̀, abẹ tí ó mọ́, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó: kí ẹ fi hàn án bí a ti ń na awọ ara kí abẹ má ba à gé e, àti bí a ti ń bá irun lọ síbi tí ó dorí kọ. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ̀nyí, ó lè bi yín ní ohun tí kò lè bi yín ní ìdí tábìlì.

Bí ọmọ kan ní àdúgbò yín kò bá sì ní baba, ẹ rántí Pippin. Baba tirẹ̀ wà láàyè, síbẹ̀ a rí ẹni tí ó di baba kejì fún un. Mélòó-mélòó ni ọmọ opó.

Ti ọmọ wa yìí ti kọjá. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 13. A ti ra abẹ kan pamọ́ fún un, a sì ti sọ fún un pé ní ọjọ́ tí àkókò bá tó, kí ó kan ilẹ̀kùn yàrá ìwé wa, bí a tilẹ̀ ń múra ìwàásù lọ́wọ́.