Ta Ni Yóò Gbẹnusọ fún Tálákà Nílé-Ẹjọ́?

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ń sọ pé iṣẹ́ lọ́yà ni àwọn fẹ́ kọ́, ohun tí ó sábà máa ń wà lọ́kàn wọn ni aṣọ dúdú, irun funfun tí wọ́n ń dé sórí, àti owó. Kò burú. Ṣùgbọ́n irú lọ́yà kan wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà: èyí tí ìjọba ń san owó oṣù fún, kí ó lè gbẹnusọ fún tálákà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn. Ìtàn bí iṣẹ́ náà ṣe fìdí múlẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí pé àánú àwọn ọlọ́lá kọ́ ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kan ni.

Ní Amẹ́ríkà, Clara Foltz, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe lọ́yà ní Kalifọ́níà, dìde ní Chicago ní 1893, ó ní bí ìjọba bá ń sanwó fún lọ́yà tí ń fẹ̀sùn kan ènìyàn, ó yẹ kí ó sanwó fún ẹni tí yóò gbèjà onítọ̀hún pẹ̀lú. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ̀ wọ́n létí: ní 1914 ni irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ṣí ní Los Angeles. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò dá a lóhùn.

Ní 1931, wọ́n mú àwọn ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ ojú irin ní Alabama, wọ́n ní wọ́n fipá bá obìnrin òyìnbó méjì lò pọ̀. Irọ́ ni. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́jọ nínú wọn, láìsí lọ́yà gidi kan tí ó jókòó gbọ́ tẹnu wọn. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé ìdájọ́ náà ní 1932. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò la ikú lọ ńkọ́? Ní 1942, ilé-ẹjọ́ kan náà ní kò pọn dandan kí ìpínlẹ̀ wá lọ́yà fún un, àfi bí ohun àrà ọ̀tọ̀ kan bá wà nínú ẹjọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn ní oṣù kẹfà ọdún 1961, nígbà tí wọ́n fọ́ ilé fàájì kan ní Panama City, ní ìpínlẹ̀ Florida, tí wọ́n kó owó ẹyọ inú ẹ̀rọ àti ọtí díẹ̀. Wọ́n mú Clarence Earl Gideon. A kò ní parọ́ fún yín, Gideon kì í ṣe ẹni tí à ń fi ṣe àwòkọ́ṣe fọ́mọ: ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń ta tẹ́tẹ́. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún adájọ́ pé òun kò lówó lọ́wọ́, kí wọ́n bá òun wá lọ́yà. Adájọ́ ní òfin Florida kò gba òun láyè, nítorí ẹ̀sùn náà kì í ṣe ti ikú. Gideon bá gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò bí agbára rẹ̀ ti mọ. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti mú pẹ́ńsù, tí ó kọ̀wé sí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lórí ìwé tí wọ́n ń fún ẹlẹ́wọ̀n. Gírámà rẹ̀ kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n wọ́n kà á. Wọ́n yan Abe Fortas, àgbà lọ́yà tí òkìkí rẹ̀ kàn, láti bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù nìyí: nígbà tí Florida wá alátìlẹ́yìn káàkiri láàárín àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, méjì péré ni ó dá a lóhùn, nígbà tí méjìlélógún gbè sẹ́yìn ẹlẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1963, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán panu pọ̀ pé Gideon ló jàre.

Wọn kò ní kí ó máa lọ sílé o. Wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́, pẹ̀lú lọ́yà lọ́tẹ̀ yìí. Fred Turner, ọmọ ìlú náà, ni ó dúró fún un. Ẹ wo ohun tí lọ́yà ń ṣe tí aráàlú kò lè dá ṣe. Awakọ̀ takisí kan jẹ́rìí pé Gideon ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbé e láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní olè ni, ó ti tán. Turner kàn bi awakọ̀ náà léèrè bóyá Gideon ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Turner tún yí padà sí ẹlẹ́rìí pàtàkì tí ó ní òun rí Gideon lójú fèrèsé, ó bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá níbẹ̀ nídàájí. Kò ju nǹkan bí wákàtí kan tí àwọn ará ìlú tí ń dájọ́ fi jókòó tí wọ́n fi dá Gideon sílẹ̀. Ní Florida, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n tú sílẹ̀ nítorí ìdájọ́ 1963 náà.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ni lọ́yà ń gbèjà olè sí. Ìbéèrè àwa ni pé, ta ni ó ti sọ pé olè ni kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́?

Iṣẹ́ náà kò wá rọrùn. Ní 1973, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní kí lọ́yà kan má ṣe gba ju 150 ẹ̀sùn ńlá lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń kọjá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní 2023 àwọn oníwádìí ní 150 gan-an ti pọ̀ jù. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́yà lè má rí oníbàárà rẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí onítọ̀hún tó gbà pé òun jẹ̀bi kí wọ́n lè dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù.

Nílé wa, òfin 1976 ni ó dá Legal Aid Council sílẹ̀, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2000 láti máa gba ẹjọ́ mẹ̀kúnnù rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹrù wọn wúwo, nítorí ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tí ń dúró de ìdájọ́ ti pọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n wa ju àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi lọ. Ọlọ́pàá á gbé ènìyàn tí wọ́n fẹ̀sùn ìdigunjalè kàn lọ síwájú májísíréètì tí kò láṣẹ láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn á dá a padà sẹ́wọ̀n, wọ́n á ní àwọn ń retí ìmọ̀ràn láti ọ́fíìsì ìjọba. Fáìlì á sọnù, ọlọ́pàá tí ó mú un á gba ìwé ìyípadà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn ní kóòtù ni lọ́yà irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Fáìlì ni ó kọ́kọ́ ń wá, láti tẹ́ṣàn dé ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà ni yóò wá oníduúró tí ó nílé, fún ẹni tí àwọn ẹbí rẹ̀ lè má tilẹ̀ mọ ibi tí ó wà.