Ohùn Ìbọn àti Ìdákẹ́jẹ́ Ọdẹ: Láti Èbúté Accra dé Igbó Yorùbá

Ìfáárà

Irú iṣẹ́ ọdẹ kan wà tí ó gbilẹ̀ ní àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà lóde òní. Ọdẹ yóò dùbúlẹ̀ sí orí àpáta, yóò sì fi awò ìwojìnnà tí a dè mọ́ orí ìbọn wo ẹran ńlá kan láti ìdajì kìlómítà, nígbà mìíràn láti ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Elk ni wọ́n ń pe ẹran náà. Ìbátan àgbọ̀nrín ni, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ lè wọ̀n ju 300 kìlógíráàmù lọ. Ní ẹnu ìbọn ọdẹ yìí ni a ti de ohun èlò kan bí ọ̀pá kékeré, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dín ohùn ìbọn kù. Ẹran tí a ta á lù kì í sábà mọ ibi tí ọta ti wá.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun tí kò kan Yorùbá rárá. Ṣùgbọ́n ìtàn ìbọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé ìbéèrè méjì tí ó wà nídìí irú iṣẹ́ ọdẹ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Èkíní ni pé ta ni a gbà láàyè láti ta ohun tí ó jìnnà. Èkejì ni pé láàárín ọdẹ àti ìbọn rẹ̀, èwo ni ó yẹ kí ó dákẹ́? Àpilẹ̀kọ yìí yóò tọpa ìbéèrè méjèèjì láti ìlú Accra, níbi tí àwọn Yorùbá ti tẹ àdúgbò kan dó tí a mọ̀ sí Lagos Town.

Lagos Town àti Àwọn Ọmọ Ọdẹ

Lagos Town ni orúkọ àtijọ́ àdúgbò tí a ń pè ní Accra New Town lónìí, nítòsí Nima àti Kokomlemle. Ogunlọ́gọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó kì í ṣe ọmọ Èkó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ni wọ́n. Orúkọ Èkó tí ó mọ́ wọn lórí kò ṣàìní ìdí nínú ìtàn ìjọba. Láti ọdún 1874 sí 1886, abẹ́ ìjọba kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Èkó àti Gold Coast sí, Accra sì ni olú ìlú ìjọba náà láti ọdún 1877. Ẹni tí ó bá ti ìhà Èkó wá, ará Èkó ni wọ́n ń pè é.

Òwò ni ó gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ibẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọdẹ. Síbẹ̀, bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá fi ilé sílẹ̀, oríkì ilé kì í fi í sílẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé ọdẹ ni Ògúnlọlá tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, abẹ́ igi àjàgbọn ni ó fi ṣe ibùgbé, òun àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Alóńgo sílẹ̀. Ọfà ni ó fi pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ̀ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, orí ọ̀tá yìí tí ó gbé lọ fún Aláàfin ni ó sì di orúkọ ìlú. Orúkọ bí Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́túndé àti Ògúnlékè tí a ń jẹ́ láàárín Yorùbá níbi gbogbo jẹ́ ẹ̀rí pé ìran tí ó ń ta aṣọ àti àwo lọ́jà lè jẹ́ ìran tí ó ti fi igbó ṣe oko.

Ìbọn Láti Ẹnu Odi Osu

Accra ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn ìbọn ọdẹ Yorùbá. Ní ọdún 1661 ni àwọn ará Denmark kọ́ odi Christiansborg sí Osu, tí ó ti di apá kan Accra, wọ́n sì ń ṣòwò níbẹ̀ títí di ọdún 1850 tí wọ́n ta odi náà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò yìí ni a sábà máa ń sọ pé ó fún ìbọn ẹlẹ́nu gígùn ní orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Dane gun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ Birmingham àti Liège rọ lẹ́yìn náà. Yorùbá pè é ní ṣakabùlà.

Ẹnu ìbọn yìí ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, inú ihò rẹ̀ sì tẹ́jú. Nítorí èyí, kò ṣe é gbọ́kàn lé bí ẹran bá jìnnà ju nǹkan bí 50 sí 100 mítà lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni ó ń dún kí a tó tún un kì. Ọdẹ tí ó ń lò ó ní láti súnmọ́ ẹran, ohun tí yóò sì mú un súnmọ́ ọn kò sí nínú ìbọn. Ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é. Yóò kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá kí òórùn ara rẹ̀ má bàa ta ẹran lólobó. Kò ní tẹ igi gbígbẹ. Yóò jókòó lórí igi títí òru yóò fi jìn. Àwọn oògùn bí àfẹ́ẹ̀rí pàápàá, èyí tí a gbà pé ó ń sọ ọdẹ di àìrí, ń fi ohun tí ọdẹ ń wá hàn: kí ó súnmọ́ ẹran kí ẹran má mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí fún ọ̀pọ̀ ìran. Ọdẹ ni ó dákẹ́, ìbọn ni ó sọ̀rọ̀.

Òfin tí ó Pààlà sí Ọ̀nà Jíjìn

Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ sí ìbọn tí ó dára jù ni ó mú kí ṣakabùlà pẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Nígbà Ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé lójú ogun, ìwọ̀nyí sì mú kí ogun Ìbàdàn fà sẹ́yìn. Orúkọ ogun náà pàápàá, ohùn ìbọn ni. Kírìjì ni àwọn ènìyàn gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń ró láàárín àwọn òkè, Kírìjì ni wọ́n sì pe ogun tí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 dá dúró.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Agẹmọ ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Ìdíwọ́ òwò ẹrú ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ka ráífù àti àwọn ìbọn ìgbàlódé mìíràn léèwọ̀ ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda kí a máa tà fún àwọn ọmọ ilẹ̀ ni ìbọn olókùúta ìṣáná tí inú ihò rẹ̀ tẹ́jú, àti ẹ̀tù lásán. Èyí ni pé òfin ni ó pinnu bí ojú ọdẹ yóò ti jìnnà tó. Òyìnbó tí ó wá ṣọdẹ lè dúró lókèèrè kí ó ta erin pẹ̀lú ráífù. Ọmọ ilẹ̀ tí ó ni igbó ní láti rá sábẹ́ erin náà. Ìṣọ̀rí yìí kò tán pẹ̀lú ìjọba amúnisìn. Nínú òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959, ìsọ̀rí kẹta, èyí tí ọwọ́ òfin fúyẹ́ jù lórí rẹ̀, ni a fi ṣakabùlà àti irú rẹ̀ sí.

Ìdílé Maxim: Bàbá Aláriwo, Ọmọ Apohùn

Ọdún méjì lẹ́yìn àdéhùn Brussels, ní oṣù Èbìbí ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ìjẹ̀bú. Francis Scott tí ó ṣáájú ogun náà ni olórí àwọn ọlọ́pàá ológun Gold Coast, lára àwọn ọmọ ogun rẹ̀ náà sì ti ìhà Accra wá. Ní Ìmagbọn ni àwọn Ìjẹ̀bú ti dúró dè wọ́n. Ìbọn arọ̀jò-ọta tí Hiram Stevens Maxim ṣe wà lára ohun tí ó tú ogun Ìjẹ̀bú ká. Òwe Yorùbá sọ pé, “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun?” Ní Ìmagbọn, àwọn tí ó ní ìbọn tí ń dún lẹ́ẹ̀kan ni a dojú ìbọn tí kì í dákẹ́ kọ.

Ọmọ Maxim yìí kan náà, Hiram Percy Maxim, ni ó gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1909 fún ẹ̀rọ adínhùnkù ìbọn. Bí a bá yìnbọn, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ̀tù bí yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ọta, òun ni ó ń dún. Ẹ̀rọ náà ní àwọn yàrá kéékèèké tí afẹ́fẹ́ yìí ń yí ká nínú wọn kí ó tó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò pa ohùn ìbọn tán. Ọta tí ó bá yára ju ohùn lọ yóò ṣì bú bí pàṣán lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò ní tètè mọ ibi tí ó ti wá. Ní ọdún 1934, ìjọba Amẹ́ríkà gbé owó orí 200 dọ́là lé e. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 tí wọ́n sọ owó náà di òdo, àmọ́ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò.

Ẹ̀rọ náà ní àǹfààní tí kò ṣe é fojú fò. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ohùn ìbọn ti sọ di ẹlẹ́tìí dídi, ní Norway àti Finland sì rèé, ìbọ̀wọ̀ fún aládùúgbò ni wọ́n ka lílò rẹ̀ sí. Ọ̀nà jíjìn ni àríyànjiyàn wà lé lórí jù. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1887, ti kéde pé ẹni tí ó kàn ń dán wò bí ìbọn òun ṣe lè jìnnà tó, tí kò sì fi ara wewu kí ẹran rí òun tàbí kí ó gbóòórùn òun, kì í ṣe ọdẹ ni ó ń ṣe. Bí ọdẹ Yorùbá tí ó ti fi àyà fà lábẹ́ igbó bá gbọ́ èyí, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìtumọ̀.

Ìdí tí Ìbọn fi Gbọ́dọ̀ Dún

Láwùjọ Yorùbá, iṣẹ́ tí ohùn ìbọn ń jẹ́ kọjá ikú ẹran. Ará oko tí ó gbọ́ ọ lóru mọ̀ pé ọdẹ wà ní ìhà ibẹ̀, kò sì ní gba ibẹ̀ kọjá. Ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò mọ ibi tí yóò ti wá a bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò dé. Bí ọdẹ bá sì kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yìnbọn, wọn yóò sun ìrèmọ̀jé, wọn yóò ṣe ìsípà fún un. Bádé Àjùwọ̀n ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ìrèmọ̀jé, gẹ́gẹ́ bí Adébóyè Babalọlá ti ṣe lórí ìjálá nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1966. Nínú gbogbo èyí, ìbọn tí kò bá dún kò jíṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ni ó ń so ẹni tí ó dá wà nínú igbó pọ̀ mọ́ àwọn tí ó wà nílé.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ pé ìbọn tí kò lè tàn jìnnà gba ẹran là. “Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ.” Ìṣẹ́ náà ni ó mú kí ẹran ìgbẹ́ di ọjà. Ní Accra, ọjà Kantamanto gbajúmọ̀ fún títa ọ̀yà, ẹtu àti àgbọ̀nrín tí a ti yan. Ìlànà ìjọba Ghana ti ọdún 1971 dá iṣẹ́ ọdẹ dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù Ògún títí di ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ lọ́dọọdún, ọ̀yà nìkan sì ni òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Ní Winneba, àgbọ̀nrín tí àwọn ẹgbẹ́ asafo méjì ń fi ọwọ́ lásán mú nígbà ọdún Aboakyer ti wá ṣọ̀wọ́n ju ti àtijọ́ lọ.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, elk kò tó 100,000 mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lónìí wọ́n tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Àsìkò ìṣọdẹ tí ó ní ìwọ̀n, ìwé àṣẹ tí a kà, àti òfin ọdún 1937 tí ó ya owó orí ìbọn àti ọta sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́ wà lára ohun tí ó dá wọn padà. Níbi tí òfin bá ti múlẹ̀ tí owó sì wà, ẹran lè pọ̀ bí ìbọn tilẹ̀ jìnnà. Níbi tí wọn kò bá ti sí, ṣakabùlà nìkan tó láti sọ igbó di aṣálẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkànìyàn ọdún 1960 ti ka Yorùbá tí ó tó nǹkan bí 100,000 ní ilẹ̀ náà. Lagos Town tú. Àwọn tí ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹ̀jìgbò bá ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò dé rí, tí igbó àyíká rẹ̀ sì ti ń di oko.

Ohun tí ó wà nínú ewu níhìn-ín ju ẹran lọ. Ọmọ tí a bí sí Lagos Town lè jẹ́ Ọdẹ́túndé kí ó má mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹtu, ẹtù àti ẹ̀tù, ìyẹn ẹran, ẹyẹ àti ohun tí ó ń mú ìbọn dún. Àmì ohùn nìkan ni ó ya wọ́n. Olùkọ́ èdè tí ó bá ń kọ́ni ní àmì ohùn lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀, nítorí inú igbó ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa ti wá. Bí igbó bá dákẹ́ tí ọdẹ náà sì dákẹ́, ẹnu olùkọ́ ni yóò kù tí a ó ti máa gbọ́ wọn.