Ẹ̀rí Ìgòkè: Ìdájọ́ Agbára Agunkẹ̀kẹ́ Ṣáájú Ìdíje Ńlá, 1959 sí 2025

Àárín òkè ni Ilé-Ifẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní ìlú náà lọ sí Iléṣà, tí ó sì gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kọjá sí Èfọ̀n-Aláayè, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó lè ṣe níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Ẹni tí ó sígbọnlẹ̀ tí ó sì lágbára a máa borí rẹ̀. Lórí òkè, ìwúwo ara ni ọ̀tá, nítorí pé gbogbo kìlógíráàmù tí ènìyàn bá ní lára ni yóò fà gòkè. Ìyàtọ̀ yìí ni ó fa ìbéèrè kan tí àwọn adarí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ń bi ara wọn ní ọdọọdún, kí ìdíje ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Ítálì, ti Faransé tàbí ti Sípéènì tó bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò lè gun òkè? Wọn kò lè dúró de ìdíje kí wọ́n tó dáhùn, nítorí pé ìdáhùn náà ni wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí yóò jókòó sílé.

Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀ràn ẹ̀rí ni ọ̀ràn yìí, kò sì jìnnà sí iṣẹ́ onítàn. Èsì ìdíje tí ó ti kọjá, aago tí a fi ka ìṣẹ́jú lórí òkè kan, àti àyẹ̀wò ara nínú yàrá ìwádìí ni adarí ẹgbẹ́ ń gbé yẹ̀ wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó lè tan ni jẹ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé nígbà tí ilẹ̀ Áfíríkà bá wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ìtànjẹ yìí a máa pọ̀ sí i. Kì í ṣe àìsí ẹ̀rí ni ó ń fà á. Àwọn tí ń ka ẹ̀rí náà ni kò mọ ilẹ̀ tí ó ti wá.

Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ burú jáì. Fausto Coppi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, wà lára àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí ó mọ òkè gùn jù lọ nínú ìtàn. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ó gba ìdíje ilẹ̀ Ítálì, ó gba ti Faransé ní 1949 àti 1952, òun ni ó sì kọ́kọ́ borí lórí òkè Alpe d'Huez nígbà tí ìdíje Faransé kọ́kọ́ gba ibẹ̀ ní 1952. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, nígbà tí ó ti pé ẹni ogójì ọdún, òun àti àwọn agunkẹ̀kẹ́ Faransé bíi Jacques Anquetil àti Raphaël Géminiani wá sí Ouagadougou, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Upper Volta nígbà náà, láti díje àti láti ṣọdẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní Ítálì lákòókò náà ni bóyá agbára ṣì kù lẹ́sẹ̀ Coppi fún ọdún tí ń bọ̀, nítorí pé ó ti gbà láti gun kẹ̀kẹ́ fún ẹgbẹ́ San Pellegrino lábẹ́ Gino Bartali, ẹni tí ó ti bá a figagbága tẹ́lẹ̀.

Ara rẹ̀ gbóná nígbà tí ó padà délé. Àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ kò gbà pé ibà ni. Ibà náà dá Géminiani dùbúlẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tirẹ̀ ní Faransé mọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn, ó sì yè. Coppi kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1960. Ohun tí ìyá àgbà èyíkéyìí ní Ilé-Ifẹ̀ ìbá kọ́kọ́ fura sí nígbà tí ó bá gbọ́ pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ouagadougou dé ni ó ré kọjá lójú àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Wọ́n ń wo ara Coppi, ṣùgbọ́n wọn kò wo ibi tí ara náà ti ń bọ̀.

Nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ni irú àṣìkà bẹ́ẹ̀ tún wáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú kò sí nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nairobi ni a bí Chris Froome sí ní 1985. David Kinjah, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Kenya, ni ó kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn lórí àwọn òkè Kikuyu. Àwọ̀ Kenya ni ó sì wọ̀ ní ìdíje Commonwealth ní Melbourne ní 2006. Ní 2007 wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò ní ilẹ̀ Switzerland. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 75.6, agbára tí ó sì lè lò láìdẹwọ́ fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀ jẹ́ wáàtì 420. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe ti ọmọdé. Síbẹ̀, fún ọdún mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e, èsì ìdíje rẹ̀ kò fi irú agbára bẹ́ẹ̀ hàn. Ó gun ìdíje Faransé ní 2008 láìsí ẹni tí ó kà á sí. Ní ìdíje Ítálì ti 2010 wọ́n lé e jáde nítorí pé ó di alùpùpù ọlọ́pàá mú lórí òkè Mortirolo nígbà tí orúnkún ń dùn ún. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 2011, àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sky ti ń lọ sópin, kò sì dájú pé wọn yóò tún un ṣe.

Kí ìdíje Sípéènì ti ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, ta ni ìbá sọ pé Froome yóò gun òkè? Ẹni tí ó bá gbé èsì ìdíje nìkan yẹ̀ wò yóò sọ pé rárá. Ipò kejì ni ó ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ipò kìn-ín-ní ní 2019 nígbà tí wọ́n gba ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ Juan José Cobo nítorí oògùn àìtọ́. Àlàyé tí Froome fúnra rẹ̀ ṣe ni pé ní ìparí 2010 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àtọ̀sí ajá wà lára òun. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti ṣàlàyé àìsàn yìí fún ẹni tí ó bá mọ odò ilẹ̀ Yorùbá: kòkòrò tí ń ti inú omi wọ ara, tí ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì lè sọ alágbára di aláàárẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣubú. Àwọn kan kò gba àlàyé náà gbọ́. Wọ́n ní ó bọ́ sí àkókò jù. Ìfura wọn ní ìdí, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀yẹ méje lọ́wọ́ Lance Armstrong ní 2012, kò sí ẹni tí ó ń yára gba ẹ̀rí olókè gbọ́ mọ́. Froome pàápàá ní ẹjọ́ oògùn salbutamol kan láti ìdíje Sípéènì ti 2017; àjọ àgbáyé pa ẹjọ́ náà tì ní oṣù Keje 2018 láìfi ìyà jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí ó wúwo ju àríyànjiyàn náà lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2015 Froome gbà kí wọ́n tún yẹ òun wò ní yàrá ìwádìí kan ní ìlú London. Wáàtì 419 ni wọ́n rí, èyí tí ó fi 1 péré dín sí ti 2007. Ìwúwo rẹ̀ ni ó ti dín kù sí kìlógíráàmù 69.9. Bí a bá pín agbára sí orí ìwúwo, 5.56 ni ti 2007, nǹkan bíi 6.0 sì ni ti 2015. Bí ìwé àyẹ̀wò ti 2007 bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọmọ Kenya. Ẹrù tí ó ń fà ni ó pọ̀ jù. Àìsàn nìkan kò lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ìwúwo nìkan náà kò sì lè ṣe é. Èyí tí ó hàn gbangba ni pé ẹni tí ó bá ka èsì ìdíje láìka ìwé yàrá ìwádìí, tàbí tí ó ka ìwé náà láìbèèrè irú odò tí ọmọ náà ti lúwẹ̀ẹ́, kò lè dá ẹjọ́ náà bí ó ti tọ́.

Ọdún 2015 yìí kan náà ni ó mú àpẹẹrẹ kẹta wá. Ẹgbẹ́ MTN-Qhubeka ti South Africa, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ń náwó fún, ni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a pè sí ìdíje Faransé. Daniel Teklehaimanot, ọmọ Eritrea, wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ó ti gba ẹ̀yẹ àwọn olókè ní ìdíje Dauphiné, èyí tí gbogbo ènìyàn kà sí òṣùwọ̀n ìmúrasílẹ̀ fún ìdíje Faransé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, lójú ọ̀nà Abbeville sí Le Havre, ó gba ẹ̀wù funfun alámì róbótó pupa tí wọ́n ń fún ẹni tí ó ṣíwájú lórí òkè. Ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú kan kò tíì wọ ẹ̀wù aṣíwájú kankan níbẹ̀ rí. Àwọn ará Asmara yọ̀, ayọ̀ náà sì tọ́ sí wọn.

Kí ni ẹ̀wù náà jẹ́rìí sí? Àmì 1 péré ni òkè onípò kẹrin ń fúnni, ẹni tí ó bá sì já síwájú agbo láti òwúrọ̀ lè kó wọn jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgboyà àti òye ni ẹ̀wù náà jẹ́rìí sí; kò jẹ́rìí pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò bá àwọn akọni dé orí òkè gíga. Àwọn ìwé ìròyìn kan kò fiyè sí ìyàtọ̀ yìí: wọ́n gbé Teklehaimanot ga gẹ́gẹ́ bí olókè, wọ́n sì jù ú sílẹ̀ nígbà tí òkè gidi dé. Àṣìṣe lápá méjèèjì ni, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò ṣe ju ohun tí ẹ̀rí náà sọ lọ.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni òkè gidi dé, lórí La Pierre-Saint-Martin: kìlómítà 15.3, tí ó dà sókè ní ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Froome ni ó borí, ó sì gba ẹ̀wù alámì róbótó náà lọ́wọ́ Teklehaimanot. Ọwọ́ ọmọ tí a bí sí Nairobi ni ẹ̀wù ọmọ Eritrea bọ́ sí. Ó yani lẹ́nu pé díẹ̀ ni àwọn tí ó ṣàkíyèsí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni aago. Lórí tẹlifíṣọ̀n Faransé, onímọ̀ kan fi àkókò tí Froome lò ṣírò pé ó lo wáàtì 7.04 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀sùn lójú àwọn tí ó gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Sky fèsì: ìṣẹ́jú 41 àti ìṣẹ́jú-àáyá 28 ni ó lò, wáàtì 414 ni ẹ̀rọ rẹ̀ kà, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ 67.5. Ìpín rẹ̀ jẹ́ 6.13. Wọ́n tún ní irin eléyín tí ó ń lò kò rí róbótó dáadáa, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fi nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára. Nítorí náà 5.78 ni òótọ́.

Nọ́ńbà mẹ́ta fún ìgòkè kan ṣoṣo! Aago kò purọ́, ṣùgbọ́n aago kò mọ ìwúwo ẹni, kò mọ afẹ́fẹ́ tí ń tì í lẹ́yìn, kò sì mọ bóyá ẹlòmíràn ṣíji bò ó ní ìdajì ọ̀nà. Bí a kò bá lè fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ojú ẹgbàágbèje ènìyàn, ó yẹ kí a rọra sọ̀rọ̀ nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ìṣòro tirẹ̀. Láti 1987 ni ìdíje Tour du Faso ti wà, òun sì ni ó gbayì jù ní agbègbè yìí, ṣùgbọ́n òkè tí ó ga jù ní Burkina Faso kò tó mítà 750 sókè òkun. La Pierre-Saint-Martin nìkan gbé àwọn agunkẹ̀kẹ́ sókè ju mítà 1,100 lọ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá borí ní Faso ti fi hàn pé òun lè fara da oòrùn, eruku àti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rí nípa òkè kò sí níbẹ̀ rárá, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gòkè. Kì í sì í ṣe pé agbègbè náà kò ní òkè. Ní 2005 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré ìje ẹlẹ́sẹ̀ lórí ọ̀nà Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River, ọ̀nà kìlómítà 11 tí ó yí bí ejò gòkè.

Ìdàkejì rẹ̀ ni Eritrea. Asmara ga ju mítà 2,300 lọ, ìdí nìyí tí àwọn ará Yúróòpù fi máa ń rò pé gbogbo ọmọ ibẹ̀ ni yóò jẹ́ olókè. Biniam Girmay, ọmọ Asmara, borí ní ọjọ́ mẹ́ta ní ìdíje Faransé ti 2024, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, èyí tí ó tọ́ sí àwọn tí ń sáré ju ẹgbẹ́ wọn lọ ní òpin ọ̀nà. Ibi gíga ni wọ́n bí i sí. Eré àsáparí ni ẹ̀bùn rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ gígùn wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali ti ilẹ̀ Rwanda. Kìlómítà 267.5 ni ti àwọn ọkùnrin, òkè ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, ni ó borí. Orí òkè kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ni ọmọ Rwanda, ọmọ Eritrea àti àwọn tí ó ti gba ìdíje Faransé ti fi ẹsẹ̀ wọn wé ara wọn. Nínú àwọn tí ó ju 150 lọ tí ó bẹ̀rẹ̀, 30 péré ni ó parí.