Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Kẹ́hìndé Aláwàdà ní London

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Àwọn tó ń pa òwe yìí ní Ṣàngó Tóògéètì, ní Ọ̀tà, kì í wá àlàyé rẹ̀ jìnnà. Láti 2004 tí ìjọba Ọbásanjọ́ ti fòpin sí owó ibodè, orúkọ nìkan ló kù, àmọ́ ọ̀nà ò dín: ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ lè tẹ̀ lé márosẹ̀ dé Abẹ́òkúta, ó lè yà sí Ìjọkọ, ó sì lè gba inú Ọ̀tà dé Ìdí-Ìrókò. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ la sábà máa ń fi òwe náà tù nínú. Ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀nà ti lè pọ̀ tó, ẹni tí kò bá mọ ọjà tó ń lọ, ìrìn lásán ló ń rìn.

Aláwàdà Stephen K Amos mọ ọjà tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí ní November 1967, òun àti ìbejì rẹ̀ obìnrin. Kẹ́hìndé ni K yẹn. Ẹ̀kọ́ nípa òfin àti ìdájọ́ ọ̀daràn ló kà, irú èyí tí inú òbí ń dùn sí, kó tó lọ di olóòtú lórí pèpéle àwọn aláwàdà ní London. Láti ibẹ̀ ló ti dé Edinburgh, tó dé Australia. BBC Two fún un ní ètò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní 2010. Ní 2012, ó kọ ìtàn ara rẹ̀, I Used to Say My Mother Was Shirley Bassey. Irọ́ tó máa ń pa fún àwọn ọmọ iléèwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi ṣe àkọlé: pé gbajúmọ̀ akọrin aláwọ̀ dúdú yẹn ni ìyá òun. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í gọ̀.

Ohun kan wà tí kò tètè pàtẹ. Ọdún 2006 ló tó sọ ọ́ ní gbangba, nínú eré All of Me ní Edinburgh, pé ọkùnrin lòun ń fẹ́. Òfin kọ́ ni ìṣòro. July 1967, oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ni England àti Wales ti yọ ọwọ́ òfin kúrò lórí ìbálòpọ̀ ọkùnrin méjì tó ti pé ọdún 21, bí ó bá ti jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Nàìjíríà tó jogún òfin àtijọ́ náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò yí tirẹ̀ padà. Òfin 2014 tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé e fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin níṣu-lọ́kà. Ẹnu ará ilé ni Amos lọ wádìí ní 2007, nínú fíìmù Batty Man fún Channel 4, tó dá lórí ìkórìíra tí àwọn aláwọ̀ dúdú ní sí irú òun. Èébú àwọn ará Jamaica ló fi sọ fíìmù náà lórúkọ.

Ará Ọ̀tà lè má fara mọ́ ohun tó ń sọ, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ kò ṣàjèjì níbẹ̀. Kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lójúmọmọ, òru Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú. Ẹni tó gbé ère Ẹ̀fẹ̀ sórí á fi àwàdà bu ẹnu àtẹ́ lu ọlọ́lá, á kọ àṣírí lórin, wọn ò sì ní mú un sí i.

Ọ̀nà tó yani lẹ́nu jù ni ti Róòmù. Amos tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn bá àwọn gbajúmọ̀ kan rin ìrìn àjò ìjọsìn lọ síbẹ̀ fún ètò Pilgrimage tó jáde lórí BBC Two ní 2019. Nígbà tí wọ́n ní Póòpù Francis máa gbà wọ́n lálejò, ó ní òun ò ní lọ àfi bí wọ́n bá jẹ́ kí òun béèrè ìbéèrè. Ó sọ fún Póòpù pé ìyá òun ti kú, pé oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni òun sin ìbejì òun, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òun, nítorí pé ọkùnrin lòun ń fẹ́, kò rí ibi tí wọ́n ti gba òun. Nínú ilé Yorùbá, Kẹ́hìndé tó sin ìkejì rẹ̀ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Póòpù dáhùn pé ènìyàn ni gbogbo wa, iyì wa kì í sì í dín nítorí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí wọ́n fi kún orúkọ wa. Ó ní ẹni tó bá ń torí rẹ̀ ta ẹlòmíràn nù kò ní ọkàn ènìyàn. Omijé bọ́ lójú aláwàdà. Ẹ̀kọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì lórí ìbálòpọ̀ kò yí padà lọ́jọ́ náà.

Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, eré rédíò What Does the K Stand For?, tí òun àti Jonathan Harvey jọ kọ, tí Radio 4 bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ló yẹ kí ẹni tó wà ní Ṣàngó kọ́kọ́ gbọ́. Ilé Nàìjíríà kan ní gúúsù London ló dá lé, láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn òbí inú rẹ̀ kò sì nílò ògbufọ̀ níbí.