Bíà Tí Ó Dàgbà

Ẹni tí ó bá ti mu ẹmu rí mọ̀ pé ọtí kì í dúró de ènìyàn. Ẹmu òwúrọ̀ a máa dùn. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó ti kan. Ìdí nìyí tí mo fi rẹ́rìn-ín ní ọdún 2017, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìgò bíà kékeré méjì ka iwájú àwa mẹ́ta, tí ó ní ọdún 1992 ni wọ́n pọn wọ́n.

Thomas Hardy's Ale ni orúkọ bíà náà. Ilé ìpọntí Eldridge Pope, ní ìlú Dorchester, ni ó kọ́kọ́ pọn ọ́n ní ọdún 1968, láti fi ṣe ìrántí ogójì ọdún tí òǹkọ̀wé náà ti kú. Ó le ju ìlọ́po méjì bíà ojoojúmọ́ lọ, wọ́n sì fi ìwúkàrà sílẹ̀ láàyè nínú ìgò kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí ẹ má ṣe rò pé àṣà olówó ni èyí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn alábàárù Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi orúkọ wọn pe bíà dúdú tí à ń pè ní porter, ọ̀pọ̀ oṣù ni ó sì ń lò nínú àgbá. Àwọn apọntí wá ń bá ara wọn díje, ta ni àgbá tirẹ̀ yóò tóbi jù? Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1814, ní ilé ìpọntí Meux lẹ́bàá Tottenham Court Road, òrùka irin kan yọ lára àgbá tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 22. Wọn kò kà á sí, nítorí ó ti máa ń yọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àgbá náà fi bẹ́. Bíà olóṣù mẹ́wàá wó ògiri, ó sì ya wọ ilé àwọn tálákà. Àwọn ará Ireland kan ń ṣe àìsùn òkú ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́ níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó kú, obìnrin àti ọmọdé ni gbogbo wọn. Àwọn adájọ́ ní kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ilé eré Dominion ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. N kì í kọjá níbẹ̀ kí n má rántí àìsùn náà.

Ní ọdún 1904, Claussen, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé ìpọntí Carlsberg ní Denmark, ṣàlàyé ìwúkàrà tí ó ń fún bíà àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní adùn rẹ̀. Ó pè é ní Brettanomyces, ó fi dá ilẹ̀ náà lọ́lá. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bíà tuntun ni àwọn ọ̀mu ti ń béèrè.

A ṣí ìgò kìíní. Mo gbọ́ òórùn èso dátì, ti ṣúgà tí ó fẹ́ẹ̀ jóná, àti ti awọ àtijọ́. Àbúrò wa tọ́ ọ wò, ó mi orí: “Ẹ̀gbọ́n, bíà yìí ti kú. Bébà tí omi rẹ ni mò ń gbọ́.” Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìgò kejì ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Eldridge Pope ti ṣíwọ́ pípọn ọtí náà ní 1999. Àwọn mìíràn tún gbé orúkọ rẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Dorchester mọ́. Ẹni tí ó ni ín fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá sí i. Àbúrò ní kí a mu ún kí ó tó di omi lásán. Èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Mo ní kí a ṣí i. Ẹni tí ó ni ìgò bù fún wa tán, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú ife tirẹ̀, ó sì mu ún láìsọ̀rọ̀.